Títúúbá ní Yorktown: Ohun tí Àwòrán Sọ àti Ohun tí Kò Sọ

Ní ọjọ́ 19 oṣù October, ọdún 1781, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a dótì ní Yorktown, ní ilẹ̀ Virginia, túúbá fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn Faransé tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Mondhare, òǹtẹ̀wé kan ní Paris, tẹ àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ náà fún títà. Nínú rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tò jáde láti inú ìlú olódi, láàárin ọ̀wọ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà àti ti Faransé. Ọkọ̀ ogun sì kún ojú omi. A fi lẹ́tà sí ara àwòrán náà, a sì túmọ̀ wọn ní ìsàlẹ̀: ìlú, odò, ọmọ-ogun, ohun ìjà tí a kó jọ, àti ọkọ̀.

Òtítọ́ inú àwòrán yìí kò kéré. Ní ọjọ́ 5 oṣù September, ọkọ̀ ogun Faransé tí de Grasse ń darí lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà ní ẹnu omi Chesapeake. Láti ìgbà náà, ìrànlọ́wọ́ kò lè gba ojú omi dé ọ̀dọ̀ Cornwallis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 28, Washington àti Rochambeau dótì í láti orí ilẹ̀. Nígbà tí ó túúbá, ọmọ-ogun tí ó fi ohun ìjà lélẹ̀ ju 7,000 lọ.

Ṣùgbọ́n Yorktown kì í ṣe ìlú olódi òkúta bí àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Èbúté kékeré tí a ti ń kó tábà ni, yàrà àti òkìtì erùpẹ̀ ni a sì fi dáàbò bò ó. Àwọn àwòrán mìíràn tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà tún fi hàn pé Cornwallis fúnra rẹ̀ ni ó fi idà rẹ̀ fún Washington. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cornwallis ní ara òun kò yá, ó sì rán O'Hara, igbákejì rẹ̀. Washington náà ní kí O'Hara lọ bá igbákejì tirẹ̀, Lincoln, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi àbùkù kàn nígbà tí ó túúbá ní Charleston ní ọdún 1780.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn ènìyàn dúdú. Ọ̀pọ̀ ẹrú ti sá tọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ nítorí òmìnira. Nígbà tí oúnjẹ tán tí ìgbóná sì ń jà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé púpọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì kú sínú igbó. Ẹsẹ kẹrin ìwé àdéhùn sọ pé àwọn ará ìlú lè gba ohun ìní wọn padà. Ẹrú sì wà lára ohun ìní náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù October, Washington pàṣẹ kí a kó wọn jọ fún àwọn olówó wọn. Àwọn ẹrú tirẹ̀ wà nínú àwọn tí a rí gbà padà. James, ẹrú tí ó ṣe amí fún Lafayette, ọ̀gágun Faransé tí ó jà fún Amẹ́ríkà, kò gba òmìnira títí di ọdún 1787.

Kò sí lẹ́tà kan nínú àwòrán Mondhare tí ó tọ́ka sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni de Verger, ọmọ-ogun Faransé tí ó wà níbẹ̀, ya ọmọ-ogun dúdú kan láti Rhode Island sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún náà gan-an.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí kan ni àwòrán jẹ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́ ti ìwé àdéhùn náà pẹ̀lú, kí ó tó dá ẹjọ́.