Kì Í Ṣe Webb Ellis Ló Dá Rọ́gbì Sílẹ̀

Ìtàn kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè nípa rọ́gbì á kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní ní ọdún 1823, ní ilé-ìwé Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Webb Ellis ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó bá ki bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì sá eré lọ. Wọ́n ní ọjọ́ náà ni wọ́n bí rọ́gbì. Ìtàn náà kúrú, ó dùn, ó sì rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ fún ọmọ Bantè tàbí ọmọ Savalou ní ilẹ̀ Benin ni pé eré yìí ní bàbá kan ṣoṣo, ó ní agbo ilé kan ṣoṣo, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ilé tiwọn. Lójú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ rọ́gbì orílẹ̀-èdè Benin, tí kò tíì dé Ìdíje Àgbáyé rí, dà bí àlejò tó wọ aṣọ onílé. Èrò mi ni pé ìtàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé bí ó bá ti wó, ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé yẹn bá a wó ni.

Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn náà ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́: ta ló rí i? Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde ni Matthew Bloxam, tó kọ lẹ́tà sí The Meteor, ìwé ìròyìn ilé-ìwé Rugby, ní 1876. Ọdún 1824 ló kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó tún kọ̀wé ní 1880, ó ti yí i padà sí 1823. Èèyàn lè ṣi ọdún kan pè, n kò ní fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ohun tó ṣòro gbà ni pé Bloxam ti jáde nílé-ìwé náà kí ọdún méjèèjì yìí tó dé. Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ló ń sọ, kò sì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ohun tó ń ròyìn. Webb Ellis fúnra rẹ̀, tó di àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kú ní 1872, ọdún mẹ́rin gbáko kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bi í bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é.

Ní 1895, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé náà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Bloxam ti kú ní 1888. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn arúgbó tó ṣì wà láàyè, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó lè sọ pé ó ṣojú òun. Àlùfáà Thomas Harris, tí òun àti Webb Ellis jọ wà nílé-ìwé náà, rántí pé ọmọ náà máa ń fẹ́ jẹ àǹfààní tí kò tọ́ sí i bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò rí i kí ó ṣe ohun tí wọ́n ń sọ yìí. Ẹ̀rí Thomas Hughes ló wúwo jù lójú tèmi. Òun ló kọ Tom Brown's School Days ní 1857. Ó wọ ilé-ìwé Rugby ní 1834, ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé nígbà tòun, ẹnikẹ́ni kì í sọ ìtàn Webb Ellis níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá dá eré tuntun sílẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé, ṣé àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Hughes kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ilé-ìwé náà, fífi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ewu ńlá ló sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá dán an wò. Ní nǹkan bí 1838 sí 1839 ni ọmọ kan tó ń jẹ́ Jem Mackie, alágbára eléré sísá, sọ ọ́ di ohun tí gbogbo wọn fẹ́ràn. Ní 1841 sí 1842, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ó di ohun tí òfin gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1845, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ òfin eré náà sílẹ̀, ó jẹ́ 37. Síbẹ̀, eré tí wọ́n kọ òfin fún yẹn kì í ṣe èyí tí à ń wò lónìí: ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn ìlà kò tíì gba àmì kankan, ẹ̀tọ́ láti ta bọ́ọ̀lù sí ojúlé ni ó gbà. Ó di 1871 kí ẹgbẹ́ 21 tó péjọ ní London láti dá àjọ rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Bí a bá ní ká ka àwọn tó bí eré yìí, orúkọ Mackie gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ mẹ́ta tó kọ òfin náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n jiyàn lórí pápá títí wọ́n fi gbà fún ara wọn.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 1895 gan-an ni wọ́n ń wá ẹ̀rí fún ọmọ kan ṣoṣo? Àwọn onímọ̀ Eric Dunning àti Kenneth Sheard ti dáhùn ìbéèrè yìí láti 1979, n kò sì tíì rí ìdáhùn tó sàn ju tiwọn lọ. Àkókò ìjà ni. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorkshire àti Lancashire, àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ti mú rọ́gbì ní tiwọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá. Ọjọ́ iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń gbá a, nítorí náà wọ́n béèrè pé kí wọ́n máa dá owó tí wọ́n pàdánù padà fún wọn. Ní 1893, àjọ rọ́gbì fi ìbò 282 sí 136 kọ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá péjọ ní ilé ìtura George ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Ní ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó ń wá ìwé ẹ̀rí tí yóò fi hàn pé inú ọgbà tiwọn ni eré náà ti ṣẹ̀. Ní 1900 wọ́n gbẹ́ ìtàn náà sára òkúta, wọ́n sì fi í sára ògiri ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ṣe é gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe hàn kedere: ó ń sọ fún awakùsà pé ẹrù ẹlẹ́rù ló gbé dání.

Kò yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí àwọn ará Collines, ẹkùn tí Bantè àti Savalou wà. Ìtàn Savalou tí a máa ń gbọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí Soha Gbaguidi, akọni tó ti gúúsù wá, tí ìdílé rẹ̀ ń jọba lórí àwọn Mahi. Ìtàn pàtàkì ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ọlá rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn Nàgó ti ń dáko ní agbègbè náà kí ó tó dé, àwọn Mahi fúnra wọn sì jẹ́ àpapọ̀ ìran oríṣiríṣi tó di ọ̀kan. Bí a bá gba ọ̀nà Djougou gòkè dé Bantè, a ó bá àwọn Ìṣà tí ẹ̀ka èdè Yorùbá ni tiwọn, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó ti ibòmíràn wá bá wọn. Ẹni tó mọ bí ìlú ṣe ń di ìlú ní àdúgbò yìí mọ̀ pé bí orúkọ kan bá tilẹ̀ dé orí oríkì, ọwọ́ púpọ̀ ló ṣán igbó.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ Webb Ellis ni wọ́n kọ sára ife ẹ̀yẹ Ìdíje Àgbáyé láti 1987, ta ni èmi láti jiyàn? Ife ẹ̀yẹ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ọgọ́jọ ọdún àti mẹ́rin lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń sọ ni wọ́n fún un ní orúkọ, inú ìtàn náà ni wọ́n sì ti mú un. Ọmọ kò lè jẹ́rìí ìbí bàbá rẹ̀. Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀: bó jẹ́ ọmọ kan, bó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ṣé kì í sì í ṣe àwọn Faransé ló gbé e dé Benin? Mo gbà pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀. N kò ní gbé ìtàn àròsọ mìíràn dìde pé ìjàkadì ilẹ̀ wa ló bí i. Irọ́ kò sàn torí pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Faransé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1892 ni wọ́n ṣe àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè wọn àkọ́kọ́ ní Paris. Pierre de Coubertin ni rẹfirí, Racing Club sì fi 4 sí 3 borí Stade Français. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣáájú wọ Abomey. Àwọn tó ṣẹ́gun Béhanzin, ọba ibẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ rọ́gbì lọ́wọ́ nígbà náà ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn láàárín ìran kan. New Zealand ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: 1870 ni wọ́n gbá a ní Nelson, ní 1905 wọ́n sì na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 15 sí òdo. Àwọn ará Georgia fi orúkọ lelo, eré bọ́ọ̀lù abúlé wọn àtijọ́, pe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn.

Àwọn mìíràn á ní owó ni ìṣòro Benin, kì í ṣe ìtàn. Òótọ́ ni pé pápá, bọ́ọ̀lù àti owó ọkọ̀ ló ń dá ẹgbẹ́ kékeré dúró. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Côte d'Ivoire nìkan ló tíì dé Ìdíje Àgbáyé àwọn ọkùnrin, ní 1995. Ṣùgbọ́n ìtàn ló ń pinnu ohun tí à ń náwó lé. Nígbà tí Benin dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Áfíríkà ní 2019, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ti ṣẹ̀. Olùkọ́ tó bá ka rọ́gbì sí eré ọmọ òyìnbó kò ní tọrọ pápá rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Àìlówó pàápàá kì í sì í fi gbogbo ìgbà dá eré dúró: rọ́gbì ẹlẹ́ni-méje, èyí tó wọ Olympics ní 2016, tí ìdajì rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méje lọ, ìlú kékeré ló ti jáde: Melrose ní Scotland, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1883. Ned Haig tó ń ṣiṣẹ́ alápatà àti David Sanderson ọ̀gá rẹ̀ ló dá a lábàá, nítorí ẹgbẹ́ wọn kò lówó lọ́wọ́. Ìdíje náà wáyé lójú gbogbo ìlú, ọdún àti ọjọ́ rẹ̀ dájú. Ẹ fi wé ti 1823.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Bantè àti ní Savalou, bí ẹ bá máa sọ bí rọ́gbì ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ 1845 sójú pátákó, ẹ sọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé bí tiwọn ló kọ òfin rẹ̀, kí ẹ sì pa 1823 rẹ́.