Ayálégbé ni orin wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì

1/ Ẹ̀yin akọrin tó ń bèèrè ibi tó dáa jù láti gbé orin yín sí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n pìtàn díẹ̀.

2/ 1997 ni MP3.com bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Akọrin tí ò ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn rí ibi gbé orin sí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di 2003, wọ́n ta orúkọ ẹ̀, wọ́n sì palẹ̀ orin àwọn èèyàn mọ́ kúrò níbẹ̀.

3/ Ọdún yẹn náà ni MySpace dé. Gbogbo ayé ya lọ síbẹ̀. Ní 2019, wọ́n jẹ́wọ́ pé níbi táwọn ti ń kó ẹrù láti sáfà kan sí òmíràn, orin ọdún 2003 sí 2015 ti sọnù. Wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù 50 lọ! Internet Archive rí nǹkan bí 490,000 kó jọ padà. Ẹ ṣírò ẹ̀: kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

4/ Bandcamp ńkọ́? Epic Games rà á ní 2022, wọ́n tún tà á fún Songtradr ní 2023. Láàárín ọdún méjì, onílé mẹ́ta.

5/ Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé orin síbẹ̀ o. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó yan ibì kankan, ẹ wò ó bóyá ẹ lè kó orin yín jáde bẹ́ ẹ ṣe kó o wọlé. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ojúlówó WAV yín síbi méjì. Onílé lè tilé ẹ̀ nígbàkígbà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìkan lorin yín wà.