Ìwádìí Ifẹ̀ Ọdún 1970 àti Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Iwájú: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí À Ń Kọ́ Olùkọ́

Ìfáárà
Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọjọ́ iwájú lóde òní, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ wò, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a pèsè sílẹ̀.

Bí Ìwádìí Náà Ṣe Lọ
Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àṣà ìgbà náà ni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Ọ̀nà yìí ni ẹgbẹ́ ọmọ kìíní tọ̀. Ní ti ẹgbẹ́ kejì, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà; Gẹ̀ẹ́sì dúró lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n sì fi sí i.

Èsì rẹ̀ fi hàn pé ẹgbẹ́ kejì ṣe dáadáa ju ti kìíní lọ lápapọ̀. Wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun Tí A Máa Ń Gbàgbé
Kì í ṣe àṣẹ ló mú èsì yìí wá. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n wá èdè-ìperí, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àti olùkọ́ kò kárí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní nígbà tí ìlànà náà jáde kò tíì parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Ifẹ̀ fi dán tirẹ̀ wò kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́.

Àbá
Kọ̀ǹpútà kò ní yọ wá nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ èdè. Èdè tí kò ní ìwé sáyẹ́ǹsì, àkàkà ni ẹ̀rọ yóò máa fi sọ ọ́. Nítorí náà:
1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE fi èdè abínibí kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nígbà tí wọ́n bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.
2. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì jọ kọ ìwé, ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti àwọn èdè mìíràn tó yí wa ká.
3. Kí a gbé àwọn ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àkọtọ́ àti àmì ohùn tó péye.

Ìkádìí
Ìjọba lè yí ìlànà padà lọ́jọ́ kan. Ìwé tí a ti kọ àti olùkọ́ tí a ti kọ́ kò ṣeé fagi lé. Àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.