Àìsàn Aláwẹ́-Méjì: Ìtàn Ìtọ́jú Ọpọlọ láti Yábàá dé Aró

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí fi hàn pé ohun tí ará ìta ń fi ṣe ìran wò, ẹkún ni fún ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, wèrè, sì ti bo oríṣiríṣi àìsàn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizoaffective disorder. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn ìtọ́jú ọpọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá fi yé wa pé oògùn nìkan kò tó fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí Àìsàn náà jẹ́

Ní ọdún 1933 ni Jacob Kasanin, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, lo orúkọ yìí fún àwọn aláìsàn mẹ́sàn-án kan. A lè pè é ní àìsàn aláwẹ́-méjì, bí obì gbànja. Awẹ́ kìn-ín-ní ni ìsínwín: aláìsàn a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a sì máa gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Awẹ́ kejì jẹ mọ́ ìṣesí ọkàn: ìbànújẹ́ tí kò jẹ́ kí ó lè dìde lórí ibùsùn, tàbí ayọ̀ àyọ̀jù tí kò jẹ́ kí ó sùn. Ohun tí dókítà fi ń dá a mọ̀ ni pé ìsínwín náà a máa dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, láìsí ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ àyọ̀jù náà.

Láti Yábàá dé Aró

Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábàá. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Anthony, ní Kósọ́fẹ́, tí ó gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Ọbaníkòró àti Fádéyí, kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Federal Neuropsychiatric Hospital ni orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àhámọ́ ni ó jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Òfin ọdún 1916 lórí ọ̀rọ̀ wèrè kò sì yí èyí padà.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ní Aró láti ọdún 1954. Ó ṣètò pé kí àwọn ará abúlé àyíká gba aláìsàn sílé. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Mọ̀lẹ́bí kan, ó kéré tán, ni yóò tẹ̀lé e láti máa se oúnjẹ fún un. Ní ọ̀sán, wọn a gba ìtọ́jú ní Aró; ní alẹ́, wọn a padà sí abúlé. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Oògùn àti Ẹbí

Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú ìsínwín tipẹ́. Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Ṣùgbọ́n egbòogi yìí a máa já ìfúnpá wálẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì rọrùn láti mọ̀. Lóde òní, oògùn bíi chlorpromazine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ìsínwín ní Faransé ní ọdún 1952, wà fún awẹ́ kìn-ín-ní. Lithium, tí John Cade ará Australia ròyìn ní ọdún 1949, wà fún ayọ̀ àyọ̀jù; a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, nítorí májèlé ni àpọ̀jù rẹ̀. Oògùn ìbànújẹ́ náà wà. Bí ara bá ti yá, ọ̀pọ̀ aláìsàn a pa oògùn tì, àìsàn a sì padà. Ibí yìí gan-an ni mọ̀lẹ́bí ti wúlò, gẹ́gẹ́ bí Aró ti fi hàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, láti rọ́pò èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní 1916. Òfin nìkan kò lè tún ojú tí a fi ń wo aláìsàn ṣe. Iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà ọ̀dọ́ ni àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń sunkún láìnídìí, kì í ṣe ẹni tí a ń nà lẹ́gba tàbí tí a ń pè ní wèrè. Kí olùkọ́ ké sí òbí rẹ̀, kí ó sì tọ́ wọn sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì fi ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan.