Láti Kóòtù sí Ilé Ìjọba: Akérédolú àti Òfin Tó Kan Ìgàngán

Gómìnà Oǹdó ni ọ̀pọ̀ wa mọ Rótìmí Akérédolú sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ́yà ló kọ́kọ́ ṣe, ìmọ̀ yẹn náà ló sì mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan Ìbàràpá.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1956. Ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó di lọ́yà ní 1978. Láàárín 1997 sí 1999, láyé ìjọba ológun, òun ni kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní Oǹdó, ìyẹn lọ́yà àgbà fún ìpínlẹ̀. Wọ́n yàn án sípò ni, aráàlú ò dìbò fún un. Ní 2008, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Ó díje fún gómìnà ní 2012, ó fìdí rẹmi. Ó padà wá ní 2016, ó wọlé.

Ní oṣù Kíní 2020, òun ni alága àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí wọ́n ṣí Amọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn. Kò pẹ́ sígbà náà ni Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́, ní kò bófin mu. Wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tiẹ̀. Kí oṣù Kẹta tó parí, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó ti ṣe tiwọn.

Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Àsàbà, wọ́n ní kí fífi màlúù jẹko káàkiri dópin. Akérédolú ni alága wọn. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, lóru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán. Wọ́n pààyàn, wọ́n dáná sun ààfin.

Òfin wà nílẹ̀ o. Kí ló wá dé? Ìwé òfin 1999 fi ọlọ́pàá sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, àmọ́ kọmíṣánnà lè ní òun á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Ààrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ sọ́fítíwíà, ẹ mọ irú ẹ̀: wọ́n pè ẹ́ ní ádímìn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì wà lókè tó lè dá àṣẹ ẹ dúró.

Akérédolú pariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023, kò rí i.

Torí náà, tí lọ́yà kan bá wá tọrọ ìbò ní Ìbàràpá lọ́la, ẹ má jẹ́ kí òyìnbó ẹnu ẹ̀ tó yín. Ẹ bi í pé òfin wo ló máa yí padà, àti pé ta ló máa jẹ́ ìpè tí Ìgàngán bá pariwo lóru.