Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Èròjà Ilẹ̀ àti Ọpọlọ Ènìyàn

“Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, olongo kì í gbé tìmùtìmù.” Ẹni tó bá fẹ́ gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ làwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Èmi fẹ́ mú un wọ inú agbárí ènìyàn, nítorí kò síbi tí ìwọ̀n ti ṣòro pa mọ́ tó ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti Èsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà bẹ̀rẹ̀. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 800 lọ. Ìtàn ìlú ní ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òkúta rírọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ wọn kún fún magnésíọ́ọ̀mù, èyí kan náà tó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n ń tà lọ́jà Òmù-Àrán. Gbòǹgbò ló ń fà á látinú ilẹ̀ sínú ewé, ewé gbé e wọnú ọbẹ̀, ó sì ń dé ọpọlọ, níbi tó ti ń ká iṣan ìmọ̀lára lọ́wọ́ kò kó má ta jù. Kálíṣíọ́ọ̀mù, irin, bàbà àti síńkì náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ara kò nílò. Kò sì sí ọ̀kan tí kò lè di májèlé.

Nílẹ̀ Yorùbá, imí-ọjọ́ ni èròjà tí ìtàn rẹ̀ kọ́ wa jù. Láàárín àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, rí àwọn ará Èpé àti Ọ̀sọ̀sà tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, tí ìrìn wọn dà bíi ti ọ̀mùtí, tí ojú ń ṣú, tí etí ń di. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Lọ́dún 1968, ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Brain. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, tí a kò jẹ́ kó kan dáadáa, máa ń ní sáyánáìdì nínú. Imí-ọjọ́ ni ara fi ń sọ májèlé yìí di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde, inú ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ló sì ti ń rí i. Ẹni tó ń fi gààrì la ọjọ́ já láìrí ẹja tàbí ẹyin, ohun ìjà rẹ̀ ti tán kí ogun tó dé. Síbẹ̀, lọ́dún 2000, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àrùn náà ṣì wà ní Ọ̀sọ̀sà; lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé sáyánáìdì nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ẹni tó bá dárúkọ ọ̀daràn kan ṣoṣo.

Láàárín àìtó èròjà àti àpọ̀jù rẹ̀, àpọ̀jù ni ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù. Láti ọdún 1837 ni John Couper ti kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ máńgánísì ní Glasgow, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Òjé ní tirẹ̀ pa ó kéré tán 400 ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé. Ọ̀rọ̀ irin ló ta kókó. Nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Parkinson, irin máa ń kó jọ sójú kan. Ṣé irin ló fa àrùn ni, àbí àrùn ló fa irin? Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fún aláìsàn ní oògùn deferiprone tó ń fa irin kúrò lára. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2022, àìsàn àwọn tó lo oògùn náà burú ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Irin tí wọ́n pè ní ọ̀tá, ọpọlọ ṣì ń fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀ṣúntòkun kan náà wà lára àwọn tó dá ìwádìí ìgbàgbé àgbà sílẹ̀ ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, lọ́dún 1992. Ó kú lọ́dún 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú. Lọ́dún 2001, èsì fi hàn pé ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìbàdàn ni àrùn Alzheimer, oríṣi ìgbàgbé àgbà kan, ń mú lọ́dún. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà jẹ́ 2.52. Ẹni tó bá sáré kéde pé ewédú ló ṣe é ti kọjá ohun tí ìwádìí sọ.

Nítorí náà, bí ìyá tàbí bàbá yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é, ẹ má sì ra kóró síńkì lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú ọkọ̀. Síńkì tó bá pọ̀ jù máa ń lé bàbà kúrò lára, àìtó bàbà yẹn sì máa ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán, tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wọn wò. Ìgbàgbé mìíràn wà tó ní ìwòsàn, bí a bá tètè rí i.