Ọjà Inú Páálí: Ìdí Tí Google Kì Í Fi Rí Ìwé Ìtàn Wa

Ọ̀rọ̀ ìtàn wa tòní, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà náà ni.

Bí ọmọ yín bá wá ìtàn Jọ́ọ̀sì lórí fóònù, ìjà 2001, ti 2008 àti ti 2010 ló sábà máa ń yọ síwájú. Ṣé ìjà nìkan la wá jà níbí ni? Rélùwéè kékeré ti dé Jọ́ọ̀sì ní 1914 nítorí tánńganran, tí Haúsá ń pè ní kuza. Ìlà ńlá tó gba Káfánṣán dé ní 1927. Àwọn bàbá àti ìyá wa bá ọ̀nà yẹn wá tajà.

Wọ́n sì ti kọ̀wé nípa irú wa. Leonard Plotnicov kọ Strangers to the City ní 1967, nípa ìgbé ayé àwọn àlejò ní Jọ́ọ̀sì níbí. J. S. Eades kọ Strangers and Traders ní 1993, nípa àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana, àwọn tí ìjọba Busia lé ní 1969. Òkè òkun ni wọ́n ti tẹ ti Plotnicov. Èyí tí àwọn ọmọ tiwa kọ ní yunifásítì ńkọ́?

Yunifásítì Jọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn, ó dá dúró ní 1975. Láyé ìgbà yẹn, ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ á kàn jókòó sórí pẹpẹ láíbìrì ni. Àwa tí a rí iná ọjà Tẹ́mínọ̀sì ní 2002 mọ ohun tí iná ń fi bébà ṣe.

Ọdún 2002 yẹn kan náà ni yunifásítì MIT àti iléeṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà gbé DSpace jáde, ẹ̀rọ tí láíbìrì fi ń kọ́ àká ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Jọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó tètè kọ́ irú àká bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2004, Google Scholar dé, tó ń wá ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kiri. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àbí?

Kò bùṣe o. Ọ̀pọ̀ láíbìrì káàkiri ayé máa ń lẹ ewé ìbòrí mọ́ iwájú ìwé: àmì iléèwé, orúkọ iléèwé gàdàgbà, àti òfin ta ló ni ín. Èèyàn á kàn ṣí i kọjá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n ṣí kọjá bẹ́ẹ̀. Bí àká náà kò bá kọ àlàyé ìwé sílẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀rọ ń kà, ojú ewé àkọ́kọ́ ló ń wò: lẹ́tà tó tóbi jù lókè ló ń pè ní àkọlé, orúkọ tó tẹ̀ lé e ló ń pè ní òǹkọ̀wé. Ó lè wá gba orúkọ iléèwé ní àkọlé. Ṣé ẹ rí i? Bí ìgbà tí a kó léèsì sínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́kọ̀ sí lára ni. Oníbàárà ń wá léèsì, á gba ibẹ̀ kọjá.

Àlàyé tí àká ń kọ pàápàá lè má bá ti Google mu. Ní 2012, Kenning Arlitsch àti Patrick O'Brien fi hàn pé díẹ̀ péré ni Google Scholar ń rí nínú ìwé tó wà ní irú àwọn àká bẹ́ẹ̀, nítorí irú àmì tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe wọn. Wọ́n dán àyípadà wò ní Yunifásítì Utah, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Ẹ má bú àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì o. Ewé ìbòrí dà bíi rìsíìtì: tí ìwé bá rìn jìnnà, ó ń sọ ibi tó ti wá. Ibi tí wọ́n fi í sí ni ọ̀rọ̀. arXiv, àká tó ti wà láti 1991, ẹ̀gbẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ló ń tẹ àmì tiẹ̀ sí. Àwọn mìíràn lè fi tiwọn sẹ́yìn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé lórí ta ló dé nígbà wo, ta ni àlejò, ìwé tí wọ́n rí ni wọn yóò gbà gbọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí, bí ẹni pé a kò kọ ọ́ ni.

Nítorí náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí wa, ẹ sọ fún un: kí Jọ́ọ̀sì àti Yorùbá wà nínú àkọlé gan-an, kí àkọlé tóbi lójú ewé àkọ́kọ́, kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí ó jẹ́ lẹ́tà tí ẹ̀rọ lè kà, kì í ṣe fọ́tò ojú ìwé lásán. Kí fáìlì má ju 5MB lọ. Kó sì béèrè ní láíbìrì bóyá wọ́n ń lẹ ewé ìbòrí sí iwájú. Bí àwa náà bá máa sikáànì ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí a fi lógò bo ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ọjà á tà o.